Iṣu Tó Kọjá Pèrègún

Ẹni tó bá ń se ẹ̀wà lọ́wọ́ kó yáa bomi sí i, kó dín iná kù, torí ohun tí ojú mi rí lóko lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mi ò lè sọ ọ́ ní kúkúrú.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé tíṣà ni mí, mo sì ń dá oko iṣu tí bàbá mi fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Àwọn kan nínú yín máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà tó ń kọ ebè. Ṣé mo ti wá tọrọ iṣu lọ́wọ́ yín rí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, fóònù mi dún. Kẹ́hìndé ni, ọlọ́kadà tí mo kọ́ ní Mátíìsì rí, tí kò sì mọ̀ ọ́n dòní. Ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá, pé ọwọ́ ti tẹ olè lóko mi, bí mi ò bá sì tètè dé, mi ò ní bá a láàyè.

Láàyè kẹ̀? Nítorí iṣu?

Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti pé bí eṣú. Wọ́n ti so ọwọ́ ọkùnrin kan sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀. Iṣu mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gende kan sì ń yí táyà àlòkù bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi irú táyà bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bàbá Ràímì, olórí àwọn tó ń ṣọ́ oko ládùúgbò wa, ló dúró tì í tòun ti àdá lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin wa fún ẹ̀yin ará ìlú ńlá. Lọ́dọ̀ wa, bí ebi bá pa ọ́ lóko olóko, wa iṣu, dáná, sun ún, jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí o fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí olóko lè rí i. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ lólè. Ṣùgbọ́n bí iṣu náà bá kọjá pèrègún, igi tí wọ́n fi pààlà oko, olè ni ọ́. Ọ̀rọ̀ parí! Ẹ̀bá títì, lódìkejì pèrègún mi, ni wọ́n sì ti mú ọkùnrin yìí.

Ẹ má dá àwọn èèyàn náà lẹ́bi tán o. Àwọn ògbójú olè ti fi bọ́ọ̀sì kó iṣu lóko wọn rí. Inú ń bí wọn.

Mo bi ọkùnrin náà lórúkọ. Ó ní Terna. Apá Bẹ́núé ló ti wá ṣe lébìrà, ṣùgbọ́n òjò ti dá, kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́ mọ́.

Bàbá Ràímì ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á là, mo rí i lójú rẹ̀. Ó bi í bóyá ebi ló pa á. Terna ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Ràímì tún fi ohùn ìlú wa bi í:

"Kí ló dé tí o ò sun uṣu ọ̀hún jẹ lóko? Àwọn ọmọ tiwa gan-an ń ṣe é. Àbí o ò mọ̀?"

Bó bá sọ pé òun ò mọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ á rọ̀. Ẹ wá gbọ́ èsì! Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun ò tíì jẹun látàná. Ó ní nílé tiwọn, bàbá tó bá dá jẹun yó nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní olè, orúkọ náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi kú.

Yéè! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́! Ohun tó ń jẹ́ ìwà ọmọlúàbí nílé tirẹ̀ ni olè jíjà nílé tiwa.

"Ẹ ò gbọ́ bí? Ulé ló ń gbé e lọ!" Ariwo ta. Wọ́n sún mọ́ ọn. Táyà ti dé.

Bàbá Ràímì kọjú sí mi. "Tíṣà, ìwọ lo ni uṣu. Sọ̀rọ̀."

Bí mo bá ní èmi ni mo fún un, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Bí mo bá ní mo dárí jì í, wọ́n á ní tíṣà ń gbowó oṣù, kí ni kí àwọn tí kò ní ju oko lọ ṣe? Òfin yẹn ló ń ṣọ́ iṣu gbogbo wa.

Ni mo bá jágbe mọ́ Kẹ́hìndé: "Ìwọ òdo nínú Mátíìsì! Ní kó júwe ilé ẹ̀ fún ọ, kí o fi ọ̀kadà lọ kó ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ wá síbí!"

"Ẹ̀n? Kí wọ́n wá ṣe kí ni, mà?"

"Kí wọ́n wá jẹun! Ṣé òfin sọ pé ẹnu kan ṣoṣo ni kó jẹ ẹ́ lóko? Iṣu yẹn ò tíì délé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká dá a padà sínú oko, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jẹ ẹ́."

Gende onítáyà ní ọgbọ́n àrékérekè ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé òun ní òmíràn tí kò ní pa èèyàn? Gbogbo ojú bá yí sí Bàbá Ràímì. Ìgbà tó yá, ó gbé àdá sókè, ó fi gé okùn ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Dáná."

Ṣé ẹ ti dúró wo ẹbí kan tó ń jẹun láàárín àwọn tó fẹ́ pa bàbá wọn rí? Kò sẹ́ni tó lọ. Àwọn ọmọ náà ń fẹ́ iṣu gbígbóná, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń wo àdá. Bàbá wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n fi yó. Iṣu kan ṣẹ́ kù. Ó rọra gbé e padà sórí ebè, ó wá ń wò mí.

Bàbá Ràímì ló gbé iṣu náà. Ó rìn kọjá pèrègún, ó nà án sí ìyá àwọn ọmọ náà. Ó ní: "Èyí, èmi ni mo gbé e."

Èmi náà figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Bàbá Ràímì ti jí mi níṣu!"

"Táyà nìyẹn nílẹ̀, Tíṣà. Wá jó mi."

Ẹ̀rín sọ. Gende wa yí táyà rẹ̀ padà, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń rò ó látìgbà náà. Òfin àwọn baba wa dára, ó mọ ebi. Ṣùgbọ́n ebi arìnrìn-àjò ló mọ̀, èyí tí iṣu sísun kan lè pa. Kò mọ ìṣẹ́, èyí tó jókòó sílé tó ń dúró dè ọ́ nínú ojú ọmọ. Ti àwọn Terna mọ ìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ pèrègún. Kí ẹ tó pe èèyàn lólè, ẹ kọ́kọ́ bi í lẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún.

Nílùú tiyín ńkọ́? Bí ebi bá pa èèyàn, kí ló lè mú, kí ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ iṣu mi rí lè jẹ́wọ́ níbẹ̀, mi ò ní pe Bàbá Ràímì!