Agbóhùn-Mọ́tò àti Ọ̀já Tó Ń Fẹ̀

Táyà òsì ló ń ké. Táyà ọ̀tún ni Agbóhùn-Mọ́tò tú.

Ẹni tó ni mọ́tò, awakọ̀ àgbàlagbà kan tó ń kó ọmọ iléèwé, ti sọ fún un pé apá òsì ni ìró náà ti ń wá. Agbóhùn-Mọ́tò ní kó dákẹ́ jàre. Ó di ojú, ó dẹ etí, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń yìn, ó ní, "Ọ̀tún ni." Ó pààrọ̀ irin tí kò ṣẹ̀. Mọ́tò náà ń ké lọ títí ó fi yí kọ́nà.

Nígbà tí awakọ̀ padà wá, ó bi í pé, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń ké yìí ni?"

"Mo gbọ́. Ohùn mọ́tò tí ara ẹ̀ ti yá nìyẹn."

Wọ́n ní ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò kí mọ́tò tó dé. Èyí tọ̀nà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Àwọn tó ṣì ń sọ ọ́ lónìí kò tíì gbé mọ́tò wọn lọ síbẹ̀ láìpẹ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi. Ṣẹ́gẹdẹ̀ mú un ní kékeré. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú fi máa wálẹ̀, etí òsì kò gbọ́ nǹkan mọ́. Àwọn kan ń pè é ní adití. Kì í ṣe adití. Etí ọ̀tún ń gbọ́ dáadáa, àmọ́ bí kíláàsì bá ń pariwo, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Baba rẹ̀ kò rí wàhálà kankan níbẹ̀. Gbólóhùn kan ló ní: "Etí kan ti tó o. Èkejì, sípíà ni."

Ilé ìwòsàn etí yá ọmọ náà ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan tó kéré bí ìdérí ìgò, wọ́n so ó mọ́ ọ̀já rírọ̀ tó ń fà bíi rọ́bà. Bí a bá dé ọ̀já náà sórí, ẹ̀rọ á jókòó sórí egungun ẹ̀yìn etí òsì, egungun á gbé ìró kọjá lọ sí etí ọ̀tún. Dókítà ní kó lò ó fún sáà kan. Bó bá ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì, ó di tirẹ̀. Bí kò bá ràn án lọ́wọ́, wọn á gbà á padà fún ọmọ mìíràn tó ń dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ náà ń dáhùn láti ibi tí kò ti dáhùn rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí rẹ̀ ṣófo, ó sì tún ń wo ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ẹ dà?"

"Bàámi ń gbà á ní géètì, kó má baà sọnù."

Mo dúró de baba náà ní géètì. Mo sọ fún un pé ohun tí mo bá rí ni mo máa sọ fún dókítà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ ká fọ́ nǹkan olówó iyebíye. Etí kan ti tó o."

Ẹ̀rọ náà kò sí níbi ìpamọ́ kankan. Abẹ́ fìlà baba ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Òkè òkun ló ti wá. Ó ń gbọ́ àìsàn mọ́tò kí mọ́tò tó ṣàìsàn." Ká ní ó bi ẹni tó mọ̀ ni, wọn ì bá ti sọ fún un pé ẹ̀rọ yẹn ń gbé ìró dé ni, kì í sọ ibi tí ìró ti wá. Nítorí náà ó ń gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń tú táyà tí kò ṣẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó dé ọ̀já náà sórí ọmọ, ó já bọ́ sí i lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó rò pé rọ́bà burúkú ni. Ó gé e, ó rán an. Kò pẹ́, ó tún fẹ̀, àmì ọ́ìlì dúdú sì wà lára rẹ̀. Ó tún rán an, ó mú un há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọkọ rẹ̀ la ẹnu.

"Kí lo ṣe rán ọ̀já yẹn há tó báyẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ èèyàn lórí."

Ìyàwó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Orí ta?"

"Orí... orí ọmọ ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó há ẹ lórí?"

"Rárá, Màámi. Mi ò tíì dé e látìgbà tẹ́ ẹ ti rán an."

"Olówó orí mi, ẹ ṣí fìlà."

"Nínú ilé ara mi?"

"Ẹ ṣí i!"

Àmì ọ̀já yí orí rẹ̀ po bí ojú ìránṣọ. Ìyàwó rẹ̀ na ìka sí àmì náà. "Ṣebí ẹ ní sípíà ni. Sípíà ọmọ lẹ wá ń wà kiri!"

Òun ló kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn. Baba ní òun kàn sìn wọ́n wá ni. Nọ́ọ̀sì yọ lẹ́nu ọ̀nà lápá òsì rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí." Agbóhùn-Mọ́tò yíjú sí ọ̀tún, ó sì kí kọ́bọ́ọ̀dù òògùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọmọ rẹ̀ fà á lápò. "Apá ibí ni, Bàámi. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n yẹ etí baba náà wò. Òòlù àti ariwo irin ti pa etí òsì rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní etí tó gbọ́ àlọ ló ń gbọ́ àbọ̀; tirẹ̀ gbọ́ àlọ, kò mọ ọ̀nà tí àbọ̀ gbà.

Dókítà wọn ọ̀já tuntun mọ́ orí ọmọ, ó ní kí sáà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì báyìí, mo sì ń wo orí rẹ̀ kó tó jókòó. Ó ń dáhùn. Nígbà mìíràn ó ń dáhùn ìbéèrè tí mi ò tíì bi tán. Dókítà ti ní ẹ̀rọ náà ti di tirẹ̀.

Wọ́n ní baba náà lè gba tirẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Ó ní òun ò fẹ́, etí kan ti tó òun.

"Èkejì ńkọ́, Bàámi?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

Ó yíjú sí ọ̀tún. Apá òsì rẹ̀ ni ọmọ náà wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, baba náà wà lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn ní ilé ìwòsàn etí, lẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.