Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lórí lẹ́tà Clarisse

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní kíláàsì lónìí, ojú ṣì ń tì mí di ìsinsìnyí.

Clarisse, ará Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbàlagbà wa ní New Carrollton, ní Amẹ́ríkà, mú lẹ́tà kan wá. Faransé ló fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí tíṣà bá òun kà á.

Ojú tíṣà tàn. "Passive voice tí à ń kọ́ gan-an nìyí!" Ló bá kọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sára pátákó: "Your position has been terminated."

Ó ní, "Ta ló ṣe é?"

Kíá ni mo nawọ́. "Wọn ò dárúkọ ẹni tó ṣe é!"

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ mi.

Clarisse rọra fà mí láṣọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Èmi ni mo sọ fún un pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe ti bọ́. Tíṣà ti nu pátákó.

"Ta ló lé mi, Màmá?"

Ìdáhùn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún náà ni mo ní fún un.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?