Ewúrẹ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Wọ́n ń kírun Àsùbáà lọ́wọ́ ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ nígbà tí mo gbé kúlà mi karí. Ìyá mi ti jí. Ó ń fi ìgbálẹ̀ lé àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí ààrò, ó ní, "O ò tilẹ̀ ní fẹnu kan nǹkan?" Mo ní màá jẹun ní gáréèjì. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ, kó ṣọ́ àbọ̀. Mo ṣàmín, mo bọ́ síta.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń rù kiri: iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ìlera ẹran ọ̀sìn àwọn àgbẹ̀ aláìní. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní kata ló ń pa ewúrẹ́ káàkiri. Imú ẹran á máa ṣomi, ẹnu rẹ̀ á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, kò sì ní pẹ́ kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lè dènà rẹ̀, inú yìnyín ni oògùn abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ máa gbé. Bí yìnyín bá yọ́ tán, omi lásán lẹ ń gún sẹ́ran lára. Mọ́tò ọ́fíìsì ti dákú, nítorí náà ọ̀gá mi ní kí n wọ mọ́tò èrò lọ sí abúlé kan lágbègbè Ìrẹsà, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Kata ti dé abúlé tó múlé gbè é. Àwọn ará ọ́fíìsì wa ti lọ gún ẹran ní abúlé tí mò ń lọ yìí lọ́dún tó ṣáájú, síbẹ̀ ewúrẹ́ wọn kú rẹpẹtẹ. Ọ̀gá mi ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oògùn ló bàjẹ́ lọ́nà.

Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ní gáréèjì Òwódé. Náírà mẹ́ta ni owó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di mẹ́rin. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní epo ti wọ́n, táyà ti wọ́n. Mo gbé kúlà lé itan, dẹ́rẹ́bà sì wẹ̀yìn.

"Ìyáàfin, irú ẹja wo lẹ rà tí ẹ ò jẹ́ ká gbé e sí búùtù?"

"Kì í ṣe ẹja. Abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ ni."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Èèyàn ò rí abẹ́rẹ́ gbà lọ́sibítù, ewúrẹ́ ń gba tiẹ̀!"

"Bí ewúrẹ́ ìyá rẹ bá kú, wàá rántí mi," mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń fara balẹ̀ bó bá dé ibi tí títì ti jẹ. Ó sì jẹ lóòótọ́. A kọjá Odò Ọbà, a ń yà fún àwọn tírélà tó ń kó màlúù àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya, tí wọ́n ń sáré bí ẹni pé àwọn nìkan ni wọ́n lọ̀nà.

Tákíè ni mo sọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọjà Akẹ̀sán tiwa ṣe máa ń fi sùúrù jí, Tákíè kò mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n á ti máa pe èrò, wọ́n á ti máa din wàrà. Mo ra yìnyín kún tinú kúlà, mo wọ Dátsùn kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ okùn. Eruku pupa ni ọ̀nà Ìrẹsà látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, irun orí mi ti pọ́n.

Baálẹ̀ ti ń dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò, òun àti àwọn ọkùnrin abúlé. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n bu omi fún mi. Àgbò ni wọ́n so káàkiri: àgbò Iléyá, tó sanra, tó ń dán. Mo fi omi po oògùn inú ìgò kìíní, mo gún gbogbo wọn. Mo wá wòtún, mo wòsì.

"Bàbá, ewúrẹ́ dà?"

"Ewúrẹ́ kẹ̀?" Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ti àwọn obìnrin nìyẹn. Àwọn obìnrin sì ti lọ sọ́jà."

"Ẹ ò lè bá wọn mú un wá ni?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Ọkùnrin kan tó di àgbò rẹ̀ mú ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má kó wa sí wàhálà. Bí mo bá de ewúrẹ́ ìyàwó mi láìsọ fún un, tó bá kú lọ́túnla, èmi ni mo pa á nìyẹn. Ta ni n ó rò ó fún?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́: ewúrẹ́ tí ìyá fi sin ọmọ lọ sílé ọkọ, ọkọ kì í dá ọwọ́ lé e. Àṣé àgbò ni àwọn ará ọ́fíìsì wa gún lọ́dún yẹn! Oògùn kò bàjẹ́ rárá. Ewúrẹ́ kankan ni kò rí i. Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí n ó bá jà.

"Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí," Baálẹ̀ ní. "Wọ́n ní kí n kó ẹran jọ, mo sì kó o jọ." Ó ronú díẹ̀. "Ìyàwó Àlùfáà nìkan ló wà nílé. Ẹlẹ́hàá ni, kì í jáde. Nítorí pé ilé ló ń wà tọ̀sán tòru, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń fi ewúrẹ́ sọ́sìn. Bí ewúrẹ́ bá bí, wọ́n á pín ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni. Ọkùnrin kì í wọbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ obìnrin ni."

Asímáwù lorúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ tutù. Ewúrẹ́ kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fọ́fọ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Àǹtí, mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Lọ́dún tó kọjá náà, mo gbọ́ wọn. Mo gbọ́ tí àgbò ń ké bí wọ́n ti ń gún un. Ibí yìí ni mo dúró sí. Wọn ò lè wọlé, n kò lè jáde, n kò sì lè kígbe sí ọkùnrin àjèjì. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹran bẹ̀rẹ̀ sí kú. Àwọn obìnrin ní ọwọ́ mi ò dáa fún ẹran, àwọn kan kó tiwọn lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ẹran sọ́sìn lọ́dọ̀ mi mọ́. Iṣẹ́ wo ni n ó wá máa ṣe nínú ògiri yìí?"

Ewúrẹ́ dúdú kan dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, imú rẹ̀ ń ṣomi. Mo ya ẹnu rẹ̀ wò. Ó ti bó.

"Ìyá mi ló fi ìyẹn sìn mí wá," ó ní.

"A ò ní gún èyí. Ó ti kó o." N kò fẹ́ purọ́ fún un. "Asímáwù, òmíràn lè ti kó o tí kò tíì hàn. Bí mo bá gún un, ó ṣì lè kú, wọ́n á sì ní abẹ́rẹ́ ló pa á. Bí a bá ní ká dúró de àwọn tó ni ín, yìnyín mi ò ní dúró."

Ó wo àwọn ẹran náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Lẹ́yìn náà ló so èyí tó ń ṣàìsàn sí àtíbàbà kan lọ́hùn-ún, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó padà wá.

"Ẹ gún gbogbo wọn. Èmi ni n ó rojọ́."

"Àwa méjèèjì ni," mo ní. Ó ń dì wọ́n mú, mò ń gún wọn. Nígbà tí a parí, ìgò kan péré ló kù tí n kò tíì pò. Mo rọra kì í sínú fúlásì kékeré tó wà nínú kúlà mi pẹ̀lú ìwọ̀nba yìnyín tó ṣẹ́kù, mo jókòó, mo ń retí àwọn obìnrin. N kò lè fi Asímáwù sílẹ̀ lóun nìkan.

Lẹ́yìn ìrun Alásàárì ni wọ́n dé. Ìyá Ràbí, àgbà wọn, ló kọ́kọ́ wọlé, ó ṣì ru báàfù ọjà. Asímáwù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ìyá Ràbí sún mọ́ ọn.

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sí, ìyá. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìyá náà nawọ́ sí mi. "Nọ́ọ̀sì, dákẹ́ ná. Ilé Baálẹ̀ lẹ̀yin mọ̀. Ẹ ò mọ ilé tiwa." Ó yíjú sí Asímáwù. "Èyí tó wà ní àtíbàbà yẹn ńkọ́?"

"Tèmi ni. Ó ti kó o."

Ìyá Ràbí sọ báàfù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Dìde lórí eékún. Bí tèmi bá kú, Ọlọ́run ló pa á. Kì í ṣe ìwọ."

Omi bọ́ lójú mi, n kò fi bò. Lẹ́yìn oṣù kan, dẹ́rẹ́bà Dátsùn yẹn mú iṣẹ́ wá fún mi: ewúrẹ́ dúdú yẹn kú, àti méjì nínú ti Ìyá Ràbí. Àwọn yòókù ń jẹko. Kò sì sí obìnrin tó kó ẹran rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Asímáwù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo tún ra yìnyín ní Tákíè, mo rọ ọ́ sí fúlásì, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo délé. Ìyá mi ń kó ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò bèèrè rí.

"Ìyá mi, nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì wa ń gún ẹran ládùúgbò yìí, ṣé wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n dé. Wọ́n bèèrè baálé ilé. Mo ní bàbá yín ti kú, pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní bó bá dé, àwọn á padà wá."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo gbé kúlà sílẹ̀, mo yọ fúlásì jáde. Yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n gún ewúrẹ́ yín?"

Ó gbé àtùpà sókè, ó wò mí dáadáa. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí," ó ní. Ó wá gbé àtùpà lé orí àmù, ó lọ mú èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ó dì í mú fún mi.