Ẹ̀rí Tí Mo Gbé Dé Ibi Iṣẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n sùn lébi ní ìlú tí n kò ti ní bàbá tàbí ìyá. Òun ló mú mi láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa l'Ékìtì dé Johannesburg, tó fún mi ní iṣẹ́, tó sì fún mi ní yàrá ní Rosettenville. Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni iṣẹ́ mi nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Newtown tó ń fi dírónù, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kì í gbé èèyàn, ya àwòrán òrùlé àti òkìtì ìwakùsà. Bí dírónù bá já bọ́, tàbí tó kù díẹ̀ kó já, èmi tàbí ọ̀gá ni ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún. Òfin wa ni pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kò ní jìyà.

Yàtọ̀ sí mi, Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó ń darí dírónù. Òun ló mú mi mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jeppestown, tó wà lókè ilé àwọn mẹkáníìkì. Lẹ́yìn ìsìn, ilé rẹ̀ ni mo ti máa ń jẹun, a ó sì máa fi èdè Èkìtì tàkúrọ̀sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n jáde láti jẹ́rìí. Ó ní òun ń fi dírónù yẹ òrùlé kan wò nígbà tí bátìrì kú lójijì, tí dírónù sì já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń gbálẹ̀.

"Kò fara kàn án rárá. Ẹ bá mi yin Olúwa."

Gbogbo ìjọ bú sí orin. Mo pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ni yóò sì lo bátìrì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo bá a níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ̀gá lónìí, kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Wọn ò ní fìyà jẹ yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ohun tí Ọlọ́run ti parí, ìwọ fẹ́ lọ tú u? Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, ọwọ́ wọn ló wà o."

"Bátìrì yẹn ńkọ́?"

"Mo ti ṣáájì ẹ̀, ó ti shap, kò sí wàhálà. Wá jẹun jàre."

N kò tẹ̀lé e lọ jẹun. Mo wọ taxi, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ó kí mi, ó kọjá, kò yà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí mo rí ẹni tó fẹ́ gbé bátìrì náà jáde, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un.

Wọ́n yẹ bátìrì náà wò, ó ti wú, ó sì lè gbiná. "Eish," ni ọ̀gá fi ìyàlẹ́nu wí, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo irú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n gba dírónù lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ó wá bá mi nídìí tábìlì mi. "Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú Ọlọ́run lo sọ di ẹjọ́."



Wọ́n dá a padà sídìí dírónù nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò pè mí wá jẹun mọ́. Nígbà tí ó kan àkókò ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wò mí, ó ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, àwọn olófòófó ti dé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo bi Ọlọ́run bóyá mo ṣì í ṣe. Ó fún mi ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n kò tíì fún mi ní ẹlòmíràn tí n ó máa bá sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ewu tó yẹ̀ lórí yín lónìí, kí Olúwa má jẹ́ kó padà wá lọ́la. Kí ó má sì fi yín sílẹ̀ láìní ẹni tí ẹ ó jọ máa jẹun.