Wọ́n Ń Ha Ṣàkì Lórí Sàréè Ìyá Mi

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí ò ṣeé gbé mì.

Olodi-Apapa ni mò ń gbé. Creek Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń kọ ẹrù tó wọlé àtèyí tó jáde nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Fèrè trélà láàárọ̀, fèrè trélà lálẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n lọ sinmi. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ bí kò ṣe ìlú tí wọ́n ti bí mi, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó? Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, nígbà tí a sìnkú ìyá mi.

Iwájú ilé la sin wọ́n sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra táìlì funfun ní ọjà Boundary, mo fi ránṣẹ́. Mo ní kí bíríkìlà jẹ́ kí orí sàréè náà tẹ́jú, kó máa dán, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ìyá náà bímọ. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mi ni mo fi ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo rò pé ewúrẹ́ kan ló kú sí tòsí. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Báyọ̀, ìyàwó àbúrò mi tó ń ta ẹran, lórí àpótí. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ṣàkì lórí sàréè ìyá mi.

Ẹ ò ṣì í kà. Ìgbẹ́ màlúù ti ṣàn lórí táìlì dé ibi tí a kọ orúkọ ìyá mi sí. Ìfun ká jọ síbi ẹsẹ̀ ìyá mi. Ajá kan ń lá ẹ̀gbẹ́ sàréè. Itọ́ kún mi lẹ́nu, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bì.

Ìyàwó wa rò pé mọ́tò ló ń mú mi bì. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Àǹtí òun káàbọ̀, ó sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹn náà gba báàgì mi. Mo fà sẹ́yìn. Mo bi í bóyá ojú ẹ̀ ò ríran ni.

Ó wo sàréè, ó wò mí. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ibẹ̀ nìkan ló mọ́ nínú kọ́ńpáǹdì, iyanrìn ni ilẹ̀ yòókù. Mo sì máa ń kí màmá kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bá mi jà rí."

Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n gbá a létí?

Àbúrò bàbá mi, tó ń jẹ orógbó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dá sí i. "Fọlákẹ́, má jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà. Ta ló ní kí wọ́n ṣe sàréè bíi káńtà? Ká ní o fi ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, tó ò ń wá roko orí ẹ̀ lọ́dọọdún, ta ló máa gbé ẹran lé e? Táìlì lo rán wá, o ò wá fúnra ẹ."

Ara mi wá ń rí mi lára. Síbẹ̀, n ò gbà kí ọ̀bẹ yẹn tún kanlẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí Ìyá Báyọ̀ kó ẹran ẹ̀ sínú báàfù, mo sì lọ bá káfíńtà kó kan tábìlì fún un. Mo gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ, mo kúnlẹ̀, mo fọ sàréè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo pààrọ̀ omi. Ọ̀rá ti wọ àárín táìlì, òórùn náà kọ̀, kò lọ. Lọ́sàn-án, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, ṣàkì ló wà nínú ọbẹ̀. Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pe bíríkìlà, mo ní kó fọ́ gbogbo táìlì náà kúrò. Erùpẹ̀ lásán ló wà lórí ìyá mi báyìí. Bí n kò bá lọ roko ibẹ̀, igbó á bò wọ́n, gbogbo ìlú á sì mọ ẹni tó fà á.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fi nǹkan rọ́pò ara ẹ̀ nílé, àwọn tó wà nílé ló máa mọ ohun tí wọ́n máa fi nǹkan náà ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi táìlì bo òbí yín, tẹ́ ẹ sì jókòó sí Èkó, ṣé ẹ mọ ohun tó wà lórí ẹ̀ láàárọ̀ yìí? Ẹ sọ tiyín fún mi, bó tiẹ̀ ń rínni lára.