Fíìmù Pẹ́pẹ́yẹ Tó Parí Ìjà Àgbò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra!

Ọkọ mi àti Lateef, àbúrò mi kan ṣoṣo, ti ń bá ara wọn yan odì láti Iléyá tó kọjá. Kí ló fà á? Àgbò ni o!

A fẹ́ lọ lo ìsinmi ọdún ní Ìṣẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi. Oyún wà níkùn mi nígbà yẹn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù gbígbé ní tẹ́míná Kirikiri, ra àgbò ńlá kan ní Ajégúnlẹ̀. Ìwo ẹ̀ ká kò! Ó ti ya fọ́tò ẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Lateef, tó bá wa rìnrìn àjò náà, ló ní kó máa mójú tó o.

Bọ́ọ̀sì dúró lọ́nà, wọ́n sọ àgbò gbogbo èrò kalẹ̀ kí wọ́n mu omi. Lateef tiẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, okùn tó sún mọ́ ọn jù ló kàn fà.

A dé Ìṣẹ́yìn, wọ́n ṣí búùtù, ó kù díẹ̀ kí n dákú! Àgbò gbígbẹ kan ló bọ́ sílẹ̀, oníwo kan! Ìwo kejì ti kán láti ìdí. Àáfà wò ó títí, wọ́n ní irú èyí ò ṣeé fi ṣe Iléyá. Ẹran táwọn aládùúgbò bù fún wa la jẹ. Bàbá ọkọ mi bi ọmọ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé àgbò ta ló yà ní fọ́tò. Ojú tì í gan-an.

Ọkọ mi ní Lateef ò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́. Mo bímọ, a ń sọmọ lórúkọ, ẹnu géètì ni àbúrò mi dúró sí. Ọmọ ti pé oṣù méje, Lateef ò tíì gbé e rí! Ẹ sọ fún mi, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mo bẹ ọkọ mi, mo sunkún, mo tiẹ̀ tún bá a jà. Kò gbọ́.

Ní Sátidé, viewing centre àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ní àwọn máa fi cartoon han àwọn ọmọdé. Ramota, àkọ́bí mi, wọ́ bàbá ẹ̀ lọ. Mo pọn ọmọ tẹ̀lé wọn.

Nínú fíìmù náà, ìdílé pẹ́pẹ́yẹ kan ló fẹ́ lọ gbádùn létí òkun. Bàbá pẹ́pẹ́yẹ ti fọ́nnu títí! Àbúrò ìyàwó ẹ̀ ló gbé àpótí. Wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ṣí i, aṣọ òròmọdìyẹ ló kún inú ẹ̀! Ẹrù ẹlẹ́rù! Bàbá bá fún ara ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bíńtín, ó jáde sí gbangba. Àwọn ọmọ tó ń wò ó ń pariwo, "Uncle don carry wrong bag o!"

Mo yọ́jú wo ọkọ mi, ojú ẹ̀ le koko. Mo ní mo gbé, ó máa rò pé èmi ni mo ṣètò ẹ̀.

Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ramota, ẹlẹ́nu ṣáṣá, wá béèrè sókè bóyá ti àgbò Uncle Lateef ni wọ́n ń ṣe yẹn.

Ẹ̀rín dá. Ọkọ mi dìde, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e. Fóònù ló wà létí ẹ̀: "Lateef, níbo lo wà? Wá sílé. Rárá, nísinsìnyí ni."

Lateef gun kẹ̀kẹ́ láti Badia, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ní kó dìde, pé òun náà sùn nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, òun ò yẹ ẹran òun wò. Ọkùnrin yìí ò sọ ìyẹn fẹ́nì kankan rí o! Ó bá gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e lé Lateef lọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ọmọ di irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, áà, àbúrò ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ wí! Ẹkún ayọ̀ ti dà mí lórí rú.

Alhamdulillahi! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oní viewing centre, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fíìmù yẹn níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a lè ra àgbò mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n oṣù méje àkọ́kọ́ ọmọ mi, Lateef ò lè rí i mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló parí ìjà nílé tiyín? Bí kò bá sì tíì parí, ta lẹ máa pè lónìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà.