Lassaad, Ẹni Tó Ń Fi Ẹnu Ọ̀gá Sọ̀rọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Lassaad fi ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Mahdia, ìlú etíkun ní Tùnísíà. Ọ̀gá mẹ́rìnlá ló dé, tó tún lọ, lójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ sí wọn létí, bí a bá kó o sínú ọkọ̀ apẹja, ọkọ̀ náà á rì. Tó bá wá kan ká bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, á ní: "Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín o." Zohra, ìyàwó ẹ̀, búra pé nínú ilé pàápàá, ó máa ń sọ pé: "Ọ̀gá ní iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí pọ̀ díẹ̀."

Nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, ọ̀gá kẹrìnlá kẹ́rù, ó lọ. Alága wa, Àlàájì Béchir, ní: "Ìdíje ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó fi wo Lassaad. Bó bá yege, òun lọ̀gá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti bá akọ́nimọ̀ọ́gbá kan sọ̀rọ̀ ní ìlú Sousse."

Noureddine tó ni ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín. "Lassaad kẹ̀, Àlàájì? Ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù kó tó gbá a!"

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Lassaad fi àga ọ̀gá sílẹ̀ lófìfo, ó jókòó sórí tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ̀ sápá òsì, tó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí àga lásán.

Àlàájì mi orí. "Ẹ wò ó, ó ń fẹjọ́ sun àga."

Ìdajì kejì ti lọ jìnnà, a ò tíì jẹ góòlù, wọn ò sì tíì jẹ, nígbà tí ladàánì pe ìrun Màgàríbì. Aṣọ́lé wa sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àṣà wa nìyẹn: rẹfirí á fọn fèrè, gbogbo ènìyàn á sáré lọ ṣínu. Lassaad gbé àwo dàbínù, bó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ọ̀gá wo ló ń gbé àwo?" ni Àlàájì wí.

Ṣùgbọ́n bó ti ń pín in, ọwọ́ kálukú ló ń wò. Ó dé ọ̀dọ̀ Aymen, atamátàsé wa, ọmọ àbúrò Àlàájì. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n débi pé dàbínù já bọ́ nílẹ̀.

"Aymen, jókòó. O ò padà wọ pápá mọ́."

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ta ló ní kí n jókòó?"

Lassaad la ẹnu. Ọrùn ẹ̀ yí sápá òsì. Àga ṣófo.

"Èmi ni."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni! Jókòó, kí o mu omi!"

Gbogbo ẹyẹ etíkun fò. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Sisílì lódìkejì òkun.

Góòlù kan sódo ni wọ́n fi nà wá. Àlàájì sọ̀ kalẹ̀ wá, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ọmọ àbúrò mi lo yọ, a sì fìdí rẹmi. Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, Àlàájì. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, màá tún yọ ọ́."

Àlàájì wo Aymen tó nà gbalaja sórí bẹ́ńṣì, tí ètè ẹ̀ ṣì funfun. Ó mú dàbínù tó kù nínú àwo, ó jẹ ẹ́.

"Noureddine, bá mi pe ará Sousse yẹn. Sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, orí àga ọ̀gá ni Lassaad jókòó sí. Òun náà ló sì tún gbé àwo dàbínù.